Iyanrìn Ìsàlẹ̀ Àpótí Ẹja Wa

Ẹ̀bi ara wa ni a fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí. A ní àpótí onígíláàsì kan tí ó kún fún omi iyọ̀, nínú èyí tí a ń sin ẹja òkun méjì. Iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn tó ìbú ìka mẹ́rin, ó sì pẹ́ tí a kò ti fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìtara ìmọ́tótó gbé wa, a sì rú gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Omi náà dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́; kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja méjèèjì ti kú. A bá ọmọ wa wí pé oúnjẹ àpọ̀jù ni ó fún wọn. Kò fèsì, ẹkún ni ó ń sun.

Lẹ́yìn náà ni a tó mọ òtítọ́. Nínú iyanrìn ni àwọn kòkòrò tíntínní tí ojú kò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń sọ májèlé tí ń jáde lára ẹja di ohun tí kò lè tètè pa á. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ tí atẹ́gùn kò dé, èéfín olóró a máa kóra jọ. Ẹni tí ó bá rú u lójijì ni ó tú u sílẹ̀.

Ní báyìí, iyanrìn wa kò jìn ju ìbú ìka méjì lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni a ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan: a ń fi rọ́bà fa ẹ̀gbin àti omi jáde, a sì ń fi omi tuntun, tí a po iyọ̀ òkun bí gíráàmù 35 mọ́ lítà kọ̀ọ̀kan, rọ́pò rẹ̀.

A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Òun ni ó ń di rọ́bà mú. Àwa ni a ń gbé garawa.