Ohun Tí Mo Gé Kúrò Nínú Ohùn Màmá Mi

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí, kò tíì sí ẹnì kan nínú ẹbí wa tó gbọ́ ọ. Èmi ni mo ń gba àwọn àwo àti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ilé wa sórí síídì, tẹbí-tará ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ náà tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun kan wà tí mo yọ kúrò kí n tó pín in fún wọn, irọ́ ni mo sì fi bò ó mọ́lẹ̀.

Orin ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni bàbá mi ní Abẹ́òkúta, kì í ránṣọ kí sákárà Yusuf Olatunji má máa dún létí rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ti Yusuf kúrò, Haruna Ishola ló kàn. Àwo Oroki Social Club tí Haruna ṣe ní 1971 wà nínú ẹrù tí bàbá mi fi sílẹ̀, ó ti họ yánnayànna. Mo fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ àwọn àwo rẹ̀, mo ń nù wọ́n yípo bí ojú ọ̀nà orin ṣe rìn, mi ò sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Ẹni tó bá kàn ti wáyà gíráàmù bọ kọ̀ǹpútà, ohùn tín-ín-rín tí kò nídìí ló máa gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń gé àwo, wọ́n máa ń rẹ ohùn ìlù ńlá sílẹ̀, kí ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ má baà fẹ̀ jù, wọ́n á sì gbé ohùn ṣẹ́kẹ́rẹ́ sókè. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní phono preamp ló ń dá ohùn kálukú padà sáyè rẹ̀.

Audacity ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Mo gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sí 44,100 Hz àti 16-bit, torí òun ni síídì ń lò látìgbà tó ti jáde ní 1982. Mi ò kì í jẹ́ kí ohùn ga débi tí iná pupa yóò fi tàn, nítorí ohùn tó bá fọ́ níbẹ̀ ti fọ́ náà nìyẹn. Kò sì sí ọ̀nà àbùjá. Ìṣẹ́jú 45 ni ojú kan kásẹ́ẹ̀tì C90, ìṣẹ́jú 45 náà ló máa fi yí tán. Bó o bá jókòó tì í, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa fò ọ́ kọjá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mẹ̀kúnnù ò ní tẹlifóònù nílé, Màmá mi ò sì mọ̀wé kọ. Kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà rẹ̀. Á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á fi rán ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ìyẹn náà á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ padà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tí a ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, wá sílé pátápátá, inú agolo bisikíìtì ló kó gbogbo lẹ́tà àbúrò rẹ̀ sí, ó sì gbé e fún mi.

Ọ̀kan nínú wọn, tí a gbà ní 1984, fojú mi rí màbo. Tìmùtìmù kékeré tó máa ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ ti já bọ́, kásẹ́ẹ̀tì náà ò sì ní ìdè kankan, ṣe ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Mo fi ọ̀bẹ là á, mo gbé téèpù náà tòun ti àgbá kékeré méjèèjì sínú páálí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo fi òwú tí mo rẹ sínú sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ, mo ń yí ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi là geere. Màmá mi wúkọ́. Ó ní, “Ṣé ó ń yí?” Ohùn ọmọdé kan dáhùn pé, “Ó ń yí, Màámi.” Èmi nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Bọ̀dá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o.” Àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀, bàbá mi ń tẹ máṣíìnì nínú yàrá kejì. Mo dán ohun tí Audacity fi ń yọ ariwo wò, ariwo lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Màmá mi wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú páànù. Mo dá a padà. Mo ní kí àkùkọ máa kọ.

Ojú kejì ló gbé ọ̀rọ̀ dé. Ọdún yẹn ni bàbá mi fẹ́ Ìyá Kékeré. Màmá mi ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ ohun tí ìyáálé ń sọ nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù, ó sì dárúkọ. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ọmọ ò sí nílé mọ́ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Màmá mi dùbúlẹ̀, Ìyá Kékeré yìí kan náà ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi síbí bọ́ ọ, Màmá mi sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàdúrà fún un kó tó kú. Bí Ìyá Kékeré ṣe gbọ́ pé mo rí kásẹ́ẹ̀tì, òun ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ bá mi ṣe tèmi náà. Mo fẹ́ máa gbóhùn ìyáálé mi.”

Mo fa ìlà bo ibi tí Màmá mi ti sọ ọ̀rọ̀ náà, mo pa á rẹ́. Ibi tó ti mí kanlẹ̀ ni mo ti so ó pọ̀, kò sí etí tó lè mọ̀. Àfi àbúrò mi, ọmọ Ìyá Kékeré. Ó béèrè ìdí tí kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ààbọ̀ kò fi pé. Mo ní síídì kì í gbà ju ìṣẹ́jú 80 lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n síídì méjì ìbá gbà á tán, páálí síídì sì wà níwájú mi nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Èmi tí mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ yọ ohùn àkùkọ, èmi náà ni mo yọ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi. Kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá sóòrùn, mi ò sì kábàámọ̀ pé Ìyá Kékeré ò gbọ́ ọ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé Bọ̀dá rẹ̀ ni Màmá mi ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwa. Bí mo bá ní torí pé lẹ́tà ẹlòmíràn ni ni mo fi gé e, èyí tí mo pín kiri ńkọ́? Lẹ́tà ẹlòmíràn ni òun náà. Ohun tó bá mi lára mu ni mo gbé jáde.

Odidi rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà àti sínú ẹ̀rọ ìpamọ́ mìíràn, torí síídì tí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ náà máa ń bàjẹ́, pàápàá níbi tí oòrùn ti ń pa á. Kásẹ́ẹ̀tì náà ò kúrò nínú agolo rẹ̀. Bí àbúrò mi bá tún béèrè, mi ò ní fi ìṣẹ́jú 80 dá a lóhùn mọ́. Màá sọ fún un pé èmi ni mo gé e, màá sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, òun ni yóò sì pinnu bóyá ó fẹ́ gbọ́.