Ọdún Àjíǹde àti Owó Ilé-Ìwé

Bí a bá dárúkọ ọdún Àjíǹde, imọ̀ ọ̀pẹ, aṣọ funfun, ẹran díndín àti lílọ sí Gálílì ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ní tèmi, orúkọ tí wọ́n ń kà lórí ìlà ní àárọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ti ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti àwọn míṣọ́nnárì. Láyé àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, òbí tí ó fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ fún ìwé kò pọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, inú ilé-ìwé míṣọ́n ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti jẹ àǹfààní rẹ̀. Tiwa jẹ́ ti aládàáni. Owó ni à ń san, ní sáà-sáà.

Sáà kejì máa ń parí nígbà tí Àjíǹde bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, ìdánwò, eré Àjíǹde àti gbígba owó a máa pàdé nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ní àárọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á wàásù fún wa pé Jésù ti san gbogbo gbèsè wa. Bí a bá ti ṣe Àmín tán, akápò á yọ ìwé kan jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè. Ẹni tí wọ́n bá pè á bọ́ síwájú, á gbé àpò rẹ̀, á forí lé ọ̀nà ilé. N kò sọ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ má gba owó o. Olùkọ́ kì í jẹ afẹ́fẹ́. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé ìwàásù àti ìwé orúkọ ń tẹ̀ lé ara wọn báyìí, kò sì sí àgbàlagbà kan tí ó mí kanlẹ̀ láàárín méjèèjì.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé ojú ni ìtìjú ń bá jà. "Ojú tì mí" là ń wí. A kì í sọ pé ọkàn tì mí. Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, mo rí ojú tí ó tì bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tí yóò ṣe Pétérù nínú eré wa ni. Ó ku ọjọ́ méjì tí a óò ṣe eré náà ni wọ́n ka orúkọ rẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn, tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Gbogbo wa ń yọjú lójú fèrèsé. Wọn kò rọ̀ ọ́ lẹ́kún, wọn kò sì fún un lówó níṣojú wa. Ńṣe ni wọ́n gbé ohùn sókè kí a lè gbọ́: "Bí o bá délé, má gbàgbé aṣọ Pétérù o! Ti bàbá rẹ tó gùn yẹn ni kí o mú wá. Tètè padà, à ń retí rẹ." Bí ẹni tí wọ́n lé ṣe di ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ó padà dé ní ọjọ́ kejì, agbádá bàbá rẹ̀ wà lápá rẹ̀ lóòótọ́, aṣọ náà ni a sì ń béèrè, a kò béèrè owó. Ìyá mi ni ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìdajì ni òbí rẹ̀ rí san, àti pé olùkọ́ wa ni ó ṣe onídùúró fún ìyókù.

Ní ilé-ìwé púpọ̀, ibojì òfìfo ni eré Àjíǹde máa ń parí sí. Olùkọ́ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní dandan, kí a ṣe ti etí òkun Tìbéríà tí ó wà ní orí kọkànlélógún ìwé Jòhánù. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni a sọ di àwọ̀n ẹja. Èmi wà lára àwọn tí ó dì í mú. Ẹja 153 ni Bíbélì wí. Páálí ni a fi gé tiwa, a kò sì tíì gé tó ogójì tí ọwọ́ fi ń ro wá. Ṣùgbọ́n ẹja tí ó wà lórí iná, ẹja yíyan gidi ni. Ìyá tí ó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì ni ó fi ta wá lọ́rẹ, Mùsùlùmí sì ni wọ́n.

Mo ti ka orí Bíbélì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ibi tí Pétérù ti ń yá iná èédú ní àgbàlá olórí àlùfáà ni ó ti sẹ́ Jésù. Iná èédú náà ni Jésù dá sílẹ̀ dè é létí òkun, tòun ti ẹja àti búrẹ́dì. Wọ́n jẹun tán kí ó tó bi í ní ìbéèrè, nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàápàá, kò dárúkọ sísẹ́ náà. Lójú tèmi, ẹni tí ó tún fẹ́ rí ojú ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pétérù tiwa kò tilẹ̀ dúró de ìbéèrè. Ó jẹ ẹja náà débi egungun, gbogbo àwọn ìyá tí ó wá wòran sì bú sẹ́rìn-ín.

Kíka orúkọ kò tíì tán nílẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ tẹlifóònù wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí báyìí. Ẹni tí ó jẹ owó ni ó yẹ kí a pè, kì í ṣe ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ kọ ìdánwò. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ẹ̀ka yìí ni yóò di olùkọ́. Lọ́jọ́ kan, akápò yóò na ìwé náà sí wa pé kí a bá òun kà á.