Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ sínú pálọ̀ ní Berlin: mo rí i, àmọ́ kò mira

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tójú mi rí ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sí, Deutsches Technikmuseum ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò lè ṣìnà débẹ̀, torí ọkọ̀ òfuurufú gidi ni wọ́n gbé kọ́ sókè ilé ọ̀hún. Èmi ò tìtorí ọkọ̀ òfuurufú lọ o. Kọ̀ǹpútà kan ni mo wá wò, Z1 lorúkọ ẹ̀.

Nígbà tí mo rí i, ẹ̀rín pa mí. Ó fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì ńlá, kò sí ojú tẹlifíṣọ̀n kankan lára ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni wọ́n tò léra wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, gbogbo ẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan.

Konrad Zuse ló ṣe é. Ní Berlin yìí kan náà ni wọ́n bí i lọ́dún 1910. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ti ń ṣe injinníà, ìṣirò tó ń ṣe lójoojúmọ́ sú u, ló bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó wọlé tọ àwọn òbí ẹ̀, ó ní pálọ̀ wọn lòun fẹ́ lò. Ká ní ilé tiwa ni, wọn ì bá ti pe mọ̀lẹ́bí lé e lórí! Àmọ́ wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ fún un, arábìnrin ẹ̀ fowó sí i, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ń bá a fi ayùn kékeré gé irin. Mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ náà, ti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ni. Fíìmù sinimá àlòkù ni wọ́n lu ihò sí láti fi sọ iṣẹ́ tó máa ṣe fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1936, ó parí ẹ̀ lọ́dún 1938.

Àwa Yorùbá ń fi ogún kàwé owó, òyìnbó ń fi mẹ́wàá kà á. Zuse ní méjì ti tó òun: irin á sún, tàbí kó má sún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn irin yẹn máa ń há mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tó fi lo relay tẹlifóònù fún Z3, tó parí lọ́dún 1941.

Ogun dé, bọ́ǹbù bọ́ sílé wọn, Z1 bá a lọ, tòun ti àwòrán tó fi ṣe é. Mo fẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò ọ̀hún, Methfesselstraße. Ilé ìgbà yẹn ti lọ.

Èyí tí mo rí, bàbá náà fúnra ẹ̀ ló tún un kọ́ láàárín 1987 sí 1989, lẹ́yìn tó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Àìsàn ọkàn kọ lù ú lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún, síbẹ̀ ó parí ẹ̀. Ó kú ní December 1995. Tí irin bá tún há, ta ló kù tó mọ̀ ọ́n tó o?

Ohun tó jẹ́ kára tu mi díẹ̀ nìyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò kan, Raúl Rojas, tó ṣiṣẹ́ ní Freie Universität ní Berlin, kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n tú àṣírí ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì gbé bó ṣe ń ṣe ìròpọ̀ sínú kọ̀ǹpútà òde òní. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí i níbi tí mo dé sí. Ẹ gbà mí! Irin kan sún, ó ti òmíràn, ìyẹn náà ti ẹnìkejì ẹ̀, bí èrò inú mọ́lúè tí kọ̀ńdọ́ ní kí wọ́n sún wọlé. Mo wò ó títí ó fi yé mi. Àléébù ẹ̀ kan ṣoṣo lójú mi ni pé kì í há. Ohun tó fayé sú Zuse gan-an ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tún padà lọ. Mo wá apá tó ń ṣe ìròpọ̀ yẹn títí mo fi rí i. Mo nawọ́ sí i, mo fẹ́ fi han ọmọdé kan tó dúró tì mí, ni ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fọwọ́ kàn án.