Gẹ̀ẹ́sì ni Mò Ń Kọ́ Wọn, Èdè Ṣáínà ni Mò Ń Kọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ẹni tí ń fúnni ní ẹ̀kọ́ àti ẹni tí ń gbà á: kọ́. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ìwé. Inú ọ̀rọ̀ kan yìí ni mo gbé láti oṣù kẹsàn-án 2018 títí di oṣù keje 2019 ní ìlú Jinhua, ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, nílẹ̀ Ṣáínà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé títí dé Ẹtì, ọmọ ilé-ìwé ni mí. Bí ó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo di tíṣà.

Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé kí ni ọmọ Ẹ̀gbá ń wá dé Ṣáínà. Ẹni tí ó bá wà ní Abẹ́òkúta ní 2017 kò ní bèèrè. Ọdún náà ni iṣẹ́ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tí a ń pè ní CCECC ni ó gbà á ṣe. Ibùdó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni a fi sọ orí Wọlé Ṣóyínká, ọkọ̀ sì ti ń kó èrò níbẹ̀ láti 2021. Ní Ìtòkú tí màámi ti ń ta àdìrẹ, aṣọ tí ẹ̀rọ Ṣáínà tẹ àwòrán àdìrẹ wa sí ti ń gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn aláró, nítorí pé owó rẹ̀ kò tó ti èyí tí a fi ọwọ́ rẹ. Màámi ní, “Ẹni tí ń bá ọ du ọjà, ó yẹ kí o gbọ́ ohun tí ó ń sọ.” Bí mo ṣe kọ orúkọ mi sílẹ̀ nìyẹn ní Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius tí ó wà ní Yunifásítì Èkó.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún kan ni mo rí gbà: owó ilé-ìwé, yàrá, àti 2,500 yuan lóṣù fún oúnjẹ. Owó náà tó jẹun, bí ènìyàn kò bá máa wá láfún àti ewédú kiri. Kò tó fi ránṣẹ́ sílé, bẹ́ẹ̀ kò sí ará ilé tí yóò gbà pé ẹni tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kò lówó lọ́wọ́. Ìjì sì ti ṣí apá kan òrùlé ilé wa ní Ìjẹ̀mọ̀ kí n tó lọ.

Iṣẹ́ tí ó wà fún àlejò níbẹ̀ kò ju kíkọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣùgbọ́n ìlú kì í wà kí ó má ní òfin. Láti 2013, akẹ́kọ̀ọ́ àlejò kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà fọwọ́ sí i, tí àwọn tí ń ṣètò ìwọlé àti ìjáde àlejò sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 5,000 sí 20,000 yuan. Bí ọ̀ràn bá le, àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15 ń bẹ nínú rẹ̀. 5,000 yuan, ẹ jọ̀wọ́, oúnjẹ oṣù méjì ni. Mo dúró gba òǹtẹ̀ náà. Ó gbà mí ju oṣù méjì lọ, àwọn tí ń yọ́ iṣẹ́ ṣe sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ilé-iṣẹ́ kan tí ń wá tíṣà fún àwọn ilé-ìwé dá ìwé mi padà. Wọ́n ní ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni àwọn ń fẹ́, wọ́n sì ka àwọn orílẹ̀-èdè náà: Britain, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ireland, Australia, New Zealand, South Africa. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀ràn! Àwa tí wọ́n nà ní pàṣán nítorí pé a sọ Yorùbá ní kíláàsì, a dé ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe tiwa.

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ni ó gbà mí níkẹyìn, wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 100 yuan fún wákàtí kan. 1,600 yuan nìyẹn lóṣù. Àdéhùn wa ni pé n kò gbọdọ̀ sọ gbólóhùn Ṣáínà kan lójú àwọn ọmọ náà, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí wọn ń sanwó fún. Ọ̀rọ̀ Ṣáínà tí mo bá kó jọ láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń dì í mọ́ ẹnu. Ìdánwò HSK ipele kẹrin sì ń dúró dè mí ní oṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ 1,200 ni ó ń bèèrè nígbà náà.

Èdè tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lé lórí ni ó gbà mí là. Ohùn mẹ́rin ni èdè Ṣáínà ní. Mǎi ni rà, mài ni tà. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ wọn, yóò ta ohun tí ó fẹ́ rà. Àwọn ọmọ Yúróòpù tí a jọ wà ní kíláàsì ń fi ìka ya ohùn sí ojú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó lè pè é. Èmi tí mo mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tí mo mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ láti kékeré, etí mi ti là. Ohùn kìn-ín-ní wọn dà bí ohùn òkè wa. Ìkẹta, bí a bá ń sọ̀rọ̀ lọ geere, kò jìnnà sí ohùn ìsàlẹ̀ wa. Nínú méjì tí ó kù, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń já wálẹ̀. A ní àwọn náà, a kì í kàn kà wọ́n ni. Ẹ pe “ìwé”, ẹ tẹ́tí sí bí “wé” ti ń gùn lọ sókè. Ẹ pe “rárà”, ẹ gbọ́ bí “rà” ti ń bọ̀ nílẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ nípa ìró nínú yín ti mọ èyí nínú ìwé. Èmi, ojú ìjà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìkọ̀wé wọn nìkan ni ó fi ojú mi rí màbo. Yorùbá kò lè ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀.

Mo máa ń ronú kan T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1850, ọ̀nà kò sì dán fún un láti wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ó jókòó, ó ń kọ́ èdè wa, ibẹ̀ ni ogun Dahomey bá a ní oṣù kẹta 1851. Ní 1858 ni Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde. Lójú mi, ìjókòó yẹn ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ní oṣù kẹta 2019, ọ̀gá mi fi wákàtí mẹ́rin mìíràn lọ̀ mí, ní ọjọ́ Àìkú. Owó mi yóò di 3,200 yuan, yóò ju owó oúnjẹ mi lọ. Mo ṣírò rẹ̀ sí páànù, mo ṣírò rẹ̀ sí ìṣó. Mo pe màámi. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ṣé owó ni o bá lọ ni, àbí èdè? Èyí tí o bá mú nínú méjèèjì, má fi mí ṣe àwáwí.” Mo sọ fún ọ̀gá pé n kò lè ṣe é. Ọjọ́ Àìkú mi, ojú àmì ìkọ̀wé ni mo fi í wò. Mo yege ìdánwò náà pẹ̀lú máàkì 241 nínú 300.

Kí ẹni tí ó bá ń gbé owó tíṣà lé ìrìn-àjò rẹ̀ tún un ṣírò. Ní oṣù keje 2021, ìjọba Ṣáínà gbé ètò tí wọ́n ń pè ní shuangjian kalẹ̀ láti dín iṣẹ́ àṣetiléwá àti ẹ̀kọ́ àfikún ọmọdé kù, ọ̀pọ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà mí ni ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ti òrùlé Ìjẹ̀mọ̀, 2020 ni a tó parí rẹ̀. Òjò 2019 bá a ní ṣíṣí, ó ba ìdì àdìrẹ mẹ́rin jẹ́. Nígbà tí mo dé, màámi kó wọn jáde, ó kà wọ́n lójú mi, ó sì lọ gbé oúnjẹ wá.