Ẹkún Iyùn Létí Ọya

Iyùn mi, ìwọ tí o kú lọ́wọ́ mi, jẹ́ kí n sunkún rẹ lónìí.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni mo ti ń gbé ẹkún yìí mì. Ó há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Kò wọlé, kò jáde. Ojú ló ń tì mí. Ọdún tí Ọya kúrò ní ipadò tó wọ ìyẹ̀wù, ọdún tí omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, ta ni yóò jókòó ní Lọ́kọ́ja tí yóò máa sunkún ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ? Èmi ni. Mo bá gbogbo ẹni tó sin òkú lọ́dún náà kẹ́dùn. Mo kẹ́dùn tán, mo délé, mo bá àpótí gíláàsì rẹ lófìfo, ẹkún tún gbọ̀nà tirẹ̀ yọ.

Èkó ni mo ti rà ọ́, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Ó ní òkun Indonéṣíà ni wọ́n ti kó yín wá. Inú ọ̀rá ni o wà, nínú omi tí kò ju ife kan lọ. Mo gbé ọ lé itan nínú mọ́tò láti Èkó títí a fi kọjá Okene, mo fi fìlà mi ṣíji bò ọ́ kí oòrùn má baà pa ọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo délé, ìyá mi yọjú wo inú ọ̀rá.

“Ọmọ mi, kí nìyí?”

“Iyùn ni, Màmá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé ẹ̀jìgbà tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn jáde, pupa rẹ̀ jinlẹ̀ bí epo tó dì lásìkò ọyẹ́. “Iyùn nìyí. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn ń mí.”

Ó ń mí, Màmá. Èyí tó wà lọ́rùn yín náà mí rí. Ìsàlẹ̀ Òkun Mẹditaréníà ló ti hù, nínú òkùnkùn, kì í fi mílímítà kan sanra láàárín ọdún kan. Àwọn Potogí tó bẹ̀rẹ̀ sí bá Ìbíní ṣòwò ní nǹkan bí ọdún 1485 kó irú rẹ̀ wá, ó gun orí ọba, ó yí ọrùn ìyàwó ká, ó wọ inú orúkọ àwọn ọmọ wa. A fi ń kéde ọlá, a fi ń kí ẹni tó lẹ́wà. Nínú gbogbo oríkì tí mo gbọ́ tí wọ́n ti dárúkọ iyùn, n kò gbọ́ ibi tí wọ́n ti kí i kú ìrora ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́ ẹ kúrò lórí àpáta.

Iyùn mi, ìbátan rẹ ni wọ́n lù níhò tí wọ́n sín lókùn. Ìwọ ni mo fẹ́ kí ó wà láàyè.

Mo ń po òkun fún ọ nínú báàfù. Gírámù iyọ̀ 35 sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ṣe láti jọ ti òkun ni. Omi ẹ̀rọ kò bá ọ lára mu àfi tí mo bá sẹ́ ẹ lásẹ̀ẹ́tán. Omi Ọya kò tilẹ̀ ṣeé dárúkọ níwájú rẹ. Àṣé Ọya tó ń gba iwájú ilé wa kọjá, tó gba Bẹ́núè mọ́ra nísàlẹ̀ Òkè Pàtí, tó ru omi aláìníyọ̀ àti ẹrẹ̀ lọ dà sókun, ó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ kọ́ ìlú olókùúta ńlá sí etí òkun tiwa. Ìlú ẹni tó lé yín ni mo gbé ọ wá tọ́.

O sì gbà fún mi. Ìwọ̀n ooru 26 ni mo ń tọ́jú omi rẹ sí, nílùú tí oòrùn oṣù kẹta ti ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà. Inú ẹran ara rẹ ni àwọn àlejò kan ń gbé, ewé omi tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń fi se oúnjẹ, wọ́n ń bù fún ọ jẹ. Orí kan ṣoṣo ni mo rà. Nígbà tó di ọdún kejì, ó di mẹ́rin. Mo gé ẹ̀ka kan lára rẹ bí a ti ń gé igi ẹ̀gẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, ó mú. Mo jó lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò rí mi.

Àti alẹ́, àti alẹ́ rẹ! Tí mo bá pa iná funfun tí mo tan iná búlúù, ìwọ a bọ́ aṣọ ọ̀sán, ìwọ a wọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò hun. Ara rẹ a tàn bí ewé tuntun, ìka rẹ a gùn jáde, orí ìka kọ̀ọ̀kan a mú iná wúrà dání. Kì í ṣe iná búlúù náà lo ń dá padà. Ara rẹ gbé búlúù mì, ó pọ ewé àti wúrà jáde.

Fóònù mi kò mọ̀ ọ́n wò. Gbogbo fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà jáde ní búlúù, bí ẹni rì ọ́ sínú ìkòkò aró. Mo gé ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ ọsàn, mo fi bo ojú kámẹ́rà, ìgbà náà ni àwọ̀ rẹ tó yọ. Ìka rẹ kì í sinmi ijó, nítorí náà mo máa ń pa pọ́ńpù tó ń ru omi, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí omi ó parọ́rọ́. N ó mú èémí dúró. N ó yà á. N ó tún tàn án. Bọ́tìnnì funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni. Alaalẹ́ ni mo ń pa á, alaalẹ́ ni mo ń tàn án. Nínú fọ́tò kan, ẹnu rẹ là díẹ̀, egé edé kan há sí i, ìka mẹ́ta tẹ̀ wálẹ̀ láti tì í wọlé. Ìyá mi wò ó títí. Wọ́n ní, “Ó ń jẹun bí ọmọ.”

Háà, oṣù kẹwàá.

Òjò ti rọ̀ kọjá ààlà, wọ́n tú omi dáàmù Lagdo sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù, Bẹ́núè gbé e wá, Ọya kò rí àyè gbà á. A ti rí irú rẹ̀ ní 2012, a rò pé a kò ní rí i mọ́. Omi gba Gánájà. Omi gba títì tó lọ sí Àbújá ní Koton Karfe, ọkọ̀ agbépo tò bí òkú ejò lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àpò ẹ̀wù kan ṣoṣo. Ilé mi lórí òkè ni wọ́n sá sí.

Iná ti lọ. Bẹntiróò tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, a kò rí òmíràn rà. Ó ku bátìrì tí mo rà nítorí rẹ, iyùn mi, òun náà sì ti ń kú lọ. Ní òru ọjọ́ kẹta, ooru mú ọmọ-ọwọ́ náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀gbọ́n mi kò pàṣẹ fún mi. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìwé fẹ́ abẹ́bẹ̀ fún ọmọ náà, ó ń wo iná pupa kékeré tó ń tàn lára pọ́ńpù rẹ.

“Àbúrò mi, ṣé kò lè gbé fáànù pẹ̀lú rẹ̀?”

“Kò lè gbé méjèèjì, ẹ̀gbọ́n mi.”

A dákẹ́. Mo dìde. Bọ́tìnnì funfun náà ni. Ọwọ́ mi mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo pa á bí mo ti máa ń pa á, omi parọ́rọ́ bí ó ti máa ń parọ́rọ́, o sì dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ọmọ náà sùn.

Bí wọ́n bá tún gbé òru náà fún mi, n ó tún pa á. Kò sí àròyé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o dúró dè mí, àbí o kò dúró? Ìṣẹ́jú mẹ́ta lo mọ̀.

Nígbà tó máa fi di òwúrọ̀ kejì, ìka rẹ ti wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹran ara rẹ ń já bí ìwé tó bọ́ sómi, òórùn rẹ̀ ń jáde, àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi sì fa aṣọ mi: “Àǹkú, ó ń yọ́.” Mo gbọ́, ọmọ mi. Omi gba gbogbo ìlú lóde, iyùn mi kú nítorí omi kò ṣàn.

Mo gbọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NOAA, àjọ òkun àti ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, kéde pé iyùn ń funfun káàkiri àwọn òkun ayé, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin irú rẹ̀. Omi òkun gbóná, àwọn iyùn lé àlejò inú wọn jáde, àwọ̀ lọ, ebi wọlé. Èéfín tí aráyé ń rú ló ń mú òkun gbóná bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, kò sí ọmọ-ọwọ́ tó ń ké lóru tí a ó fi ṣe àwáwí.

Àpótí gíláàsì náà ṣì wà níbi tó wà. Ilà iyọ̀ funfun kan yí i ká nínú, níbi tí omi rẹ dé kí ó tó gbẹ. N kò nù ún. Ilà ẹrẹ̀ wà lára ògiri ẹ̀gbọ́n mi ní Gánájà, ó ga ju mi lọ, òun náà kò tíì kùn ún. Ọmọ-ọwọ́ ọjọ́sí ti ń sáré kiri báyìí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n wá kí wa, ó gun àpótí ìtìsẹ̀, ó na ọwọ́ wọ inú gíláàsì, ó fi ìka fa ilà funfun náà, ó sì fi ìka sẹ́nu.

“Àǹkú,” ó ní, “iyọ̀ ni.”