Kí Ẹ Tó Pàgọ́ Létí Adágún Yellowstone

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́ létí adágún Yellowstone nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Béárì wà níbẹ̀, imú rẹ̀ sì mú púpọ̀. Ẹja yíyan tí ẹ dì sínú ọ̀rá, ata díndín, títí kan ọṣẹ ìfọyín àwọn ọmọ, kò gbọdọ̀ sun inú àgọ́ mọ́jú. Inú ọkọ̀ tí ẹ tì pa ni, tàbí inú àpótí irin tí ìjọba ṣe fún un. Ní ibùdó ìpàgọ́ Fishing Bridge, wọn kò tilẹ̀ gba àgọ́ aláṣọ láàyè nítorí béárì. Bridge Bay tàbí Grant Village ni kí ẹ gba àyè sí, kí ẹ sì tètè gbà á.

Omi adágún yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú jù. Adágún náà ga ju 2,300 mítà lọ sókè òkun, ó sì máa ń tutù rinrin, àní nínú oṣù keje. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Òru náà ń tutù. Ẹ mú súwẹ́tà àti kúbùsù tó nípọn dání.