Pátákó nílé ìwé, kọ̀ǹpútà ní JAMB

Láti 2015 ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé fásitì, ti pa ìdánwò orí ìwé tì pátápátá. Ẹ wá wo kíláàsì mìíràn ní Múṣín, l'Ékòó: ojú pátákó ni tíṣà ṣì ń ya kọ̀ǹpútà sí, kí àwọn ọmọ dà á kọ. Yábà, ibùdó àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sì rèé nítòsí o!

Lọ́dún 2025, máàkì JAMB já wálẹ̀. A ní fóònù ló ba àwọn ọmọ jẹ́. Àṣé sáfà àwọn ibùdó ìdánwò Èkó àti ti ìlà-oòrùn gúúsù ni wọn ò tún ṣe bó ṣe yẹ. Ọmọ 379,997 ló kàn láti tún ìdánwò náà ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá JAMB nígbà náà, sunkún ní gbangba. Ó tọrọ àforíjì, ó ṣeun. Àwa òbí tá a ti na àwọn ọmọ ńkọ́?